Ta Ni Òǹkọ̀wé Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Àwọn ìwé tí mo kà lásìkò òjò tó kọjá kò bára tan rárá. Bí ọwọ́ mi ṣe bà wọ́n ni mo ṣe ń kà wọ́n, n kò tẹ̀lé ọdún tí wọ́n jáde. Àmọ́ pípa tí mo pa wọ́n pọ̀ ló là mí lójú sí ohun kan tí n kì bá tí rí ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo mú wọn: àwọn òǹkọ̀wé wa ìṣáájú kì í sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wá olùgbọ́, wọ́n á fi í jókòó sínú ìwé, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938. Àgbàlagbà kan yọ sí akọ̀wé, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé, kó máa kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀. Àkàrà-ògùn nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, èrò ti pé jọ. Bí ìtàn ṣe ń gùn ni àwùjọ ń pọ̀ sí i, àwa tí à ń kàwé náà sì di ọ̀kan lára wọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kíkà sínú kò tó fún Fágúnwà. Ó ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, ojú lásán a máa fò ó. Bí a bá kà á sókè, èémí ẹni ni yóò sọ ibi tó yẹ ká ti sinmi.

Ọgbọ́n tí I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, dá ló wú mi lórí jù. Láti 1929 wọ 1930 ló ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, arẹwà ìgbà kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tó ń jẹ́wọ́ ayé tó ti jẹ. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Olóòtú ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé abẹ̀mí ni obìnrin náà. Báwo ló ṣe rí i ṣe? Ó dárúkọ àdúgbò Èkó ní gbangba, ó fi orin ìgbà èwe obìnrin náà há àárín ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ tí obìnrin náà ń jẹ́ gan-an pamọ́. Orúkọ tó fi pamọ́ yẹn ló jẹ́ ká gba àdúgbò tó dárúkọ gbọ́: ta ni í bo àṣírí ẹni tí kò sí? Sẹ̀gilọlá á ronú pìwà dà tẹkúntẹkún, kò ní pẹ́ tí adùn ìgbà náà á tún gbé e lọ. Ẹlòmíràn lè pe ìyẹn ní àbùkù. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà ti ní ẹ̀mí.

Ohùn ẹnu yìí kò mọ sí ìwé tí a fi Yorùbá kọ: Gẹ̀ẹ́sì ni Samuel Johnson fi kọ ìtàn Yorùbá tó parí lọ́dún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un tò tó fi jáde lọ́dún 1921. Síbẹ̀, Samuel jẹ́wọ́ pé ẹnu àwọn arọ́kin, àwọn apìtàn ọba Ọ̀yọ́, lòun ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ohùn wọn kò sì kú sínú èdè àjèjì náà.

Nígbà tí mo wá dé Àjà Ló Lẹrù, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ lọ́dún 1969, kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀. Kò sí akọ̀wé, kò sí olóòtú. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, àti àwọn tó yí i ká ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, òwe ń pàdé èébú, a kàn ń tẹ́tí léko ni. Mo gbà pé Òkédìjí gbẹ́kẹ̀ lé wa: ó mọ̀ pé etí òǹkàwé Yorùbá ti mọ́ra, yóò dá ohùn mọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ka sí ẹni tó ni ín.

Ṣóyínká ti gbé Ògbójú Ọdẹ lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà ti gbé Aké, ìwé tí Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, wá sínú Yorùbá. Òun ló kàn tí n ó kà, torí mo fẹ́ mọ ẹni tí ọmọdé inú rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tó padà sínú èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà.