Òṣùwọ̀n Aristotle àti Oríkì Wa

Ìwé tí Aristotle kọ lórí ewì, èyí tí ayé mọ̀ sí Poetics, ti lé ní 2,300 ọdún. Títí di òní, níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ni ní lámèyítọ́ eré oníṣe, orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ àtijọ́ kan wà fún ìwé náà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti bẹnu àtẹ́ lù, tí mo gbà pé ó yẹ kí àwa tí à ń ṣe lámèyítọ́ ewì Yorùbá fara balẹ̀ wò.

Ní Bàgdádì, ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, Abu Bishr Matta tú ìwé náà láti èdè Síríákì sí èdè Lárúbáwá. Àwọn tó ń tú u fún kò ní eré orí ìtàgé bíi ti àwọn Gíríìkì. Ewì ìyìn àti ewì èébú ni wọ́n mọ̀. Bí eré ìbànújẹ́ tí Aristotle ń sọ ṣe di ewì ìyìn nìyẹn, tí eré apanilẹ́rìn-ín sì di ewì èébú. Ní nǹkan bí igba ọdún ó lé lẹ́yìn náà, Ibn Rushd, ará Córdoba ní Sípéènì, ṣàlàyé ìwé náà, ọ̀nà kan náà ló sì gbà: ewì Lárúbáwá ló fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1256, Hermann ará Jámánì tú àlàyé yìí sí èdè Látìnì ní Toledo, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Yúróòpù gbójú lé fún ìgbà pípẹ́.

Àṣìtumọ̀ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwa náà ń ṣe irú rẹ̀ ní òdìkejì. Àwọn tẹ Aristotle kí ó lè bá ewì wọn mu. Àwa ń tẹ ewì wa kí ó lè bá Aristotle mu. Ó ní ìtàn gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, kí ó so kọ́ra débi pé bí a bá yọ ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Òfin yìí bá The Gods Are Not to Blame mu rẹ́gí, eré tí Ọlá Rótìmí gbé jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, nítorí inú eré Sophocles nípa Oedipus, tí Aristotle fúnra rẹ̀ gbé gẹ̀gẹ̀, ló ti yọ. Oríkì ńkọ́? Apohùn lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé bàbá, kí ó fò sí ìran ìyá, kí ó tún padà sí orúkọ ẹni tó ń kì. Bí àlejò pàtàkì bá wọlé, ó lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó yà sí oríkì onítọ̀hún. Kò sẹ́ni tí yóò ní ó ti dàrú. Bí alámèyítọ́ bá wá sọ pé oríkì kò ní ìhun, òṣùwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ̀bi.

Adébóyè Babalọlá, tó ti ṣe ọ̀gá Igbobi College ní Yaba rí kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, Akọka, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú The Content and Form of Yoruba Ijala (1966), ó fi hàn pé lámèyítọ́ ti wà lójú agbo ìjálá fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sun ìjálá, àwọn ọ̀jáfáfá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dẹtí sí i. Bí ó bá gbé ìjàkadì, tí í ṣe ti ọmọ Ọlọ́fà, lọ fún ọmọ Oníkòyí tí a mọ̀ mọ́ ogun, wọn a dá a lẹ́kun níbẹ̀, wọn a ní irọ́ ló ń pa. Òun náà lè fàáké kọ́rí pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn. Aristotle ní iṣẹ́ akéwì kì í ṣe láti sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, bí kò ṣe ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Lójú agbo ìjálá, òdodo oríkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, kí wọ́n tó yin ohùn.

N kò ní kí a sọ Aristotle nù. Eré àwọn ènìyàn rẹ̀ ló wò, tó fi mọ ohun tó ń ru àánú àti ẹ̀rù sókè nínú wọn, kó tó ṣòfin. Ọgbọ́n ìwádìí yẹn ló yẹ kí a jogún ju òfin rẹ̀ lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Akọka ka Poetics tán, kí ó wá lọ bá àwọn apohùn, kí ó béèrè ohun tó ń mú kí wọ́n sọ pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n kì. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé Aristotle ju ẹni tó ń wá ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin kiri inú oríkì lọ.