Àṣẹ Láìsí Ìpèsè: Òfin Ìtẹ̀lọ́dàá Ajá àti Ológbò ní Los Angeles

Ní oṣù Kejì ọdún 2008, Antonio Villaraigosa, tí í ṣe olórí ìlú Los Angeles nígbà náà, fọwọ́ sí òfin kan tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ajá àti ológbò ìlú náà di èyí tí a tẹ̀ lọ́dàá bí wọ́n bá ti pé oṣù mẹ́rin. Òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀: ajá ìdíje tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ajá ọlọ́pàá, ajá tí ń tọ́ afọ́jú sọ́nà, ẹran tí dókítà ẹranko bá jẹ́rìí pé ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ, àti èyí tí ẹni tí ó ni ín bá gba ìwé àṣẹ láti mú un bímọ. Ẹni tí ó bá kọ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ lè san dọ́là 100 tàbí kí ó fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ ìlú. Bí ó bá tún kọ̀, ó lè di dọ́là 500 tàbí wákàtí 40. Ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí iye ẹran tí a ń fi abẹ́rẹ́ pa ní àwọn ibùdó ìjọba, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbà wọ́n, lè dín kù. Kò sí ẹni tí ó jiyàn sí ìyẹn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni àríyànjiyàn dá lé lórí, àríyànjiyàn náà sì kún fún ọ̀rọ̀ tí kì í jẹ́ kí a rí gbòǹgbò ọ̀ràn náà.

Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ ní Amẹ́ríkà ń pe iṣẹ́ abẹ yìí ní ‘fix’, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún títún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ náà ti gbà, kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀, pé nǹkan kan bàjẹ́ lára ajá tí a kò tíì tẹ̀. Àwọn alátakò kò sàn ju èyí lọ. ‘Intact’ ni wọ́n ń pe ajá bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ohun tí ó pé pérépéré, bí ẹni pé èyí tí a tẹ̀ ti di aláàbọ̀ ara. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ṣojúsàájú bẹ́ẹ̀: tẹ̀ lọ́dàá ni iṣẹ́ náà, ọ̀dá sì ni ẹran tí a ṣe é fún. Ṣùgbọ́n òun náà ní ìṣòro tirẹ̀. Akọ ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Bí ó bá kan abo, àlàyé ni a ó ṣe, a ó ní wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Òbúkọ àti àgbò ni ó sì tètè ń wá sí ọkàn bí a bá gbọ́ ọ, èyí tí a tẹ̀ kí ó lè sanra. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ túmọ̀ òfin Los Angeles fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé ọmọ tí ajá yóò bí ni òfin náà ń bá jà, kì í ṣe ẹran ara rẹ̀. Níhìn-ín, akọ àti abo ni ìtẹ̀lọ́dàá dúró fún.

Ìjọba ìpínlẹ̀ California kò tẹ̀ lé Los Angeles. Àbá AB 1634, tí Lloyd Levine gbé wá ní ọdún 2007, kọjá ní ilé aṣojú, ó sì kú sí ilé aṣòfin àgbà ní ọdún 2008. Àwọn tí ń sìn ajá fún títà wà lára àwọn tí ó ta kò ó; òmìnira ni wọ́n ń kígbe, bẹ́ẹ̀ ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbè. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún wọn kò tilẹ̀ tíì jáde nígbà náà. Ní ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Davis tẹ ìwádìí wọn lórí ajá golden retriever 759 jáde. Nínú àwọn akọ tí a tẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan, ìdá 10 nínú 100 ni ó ní àbùkù oríkèé ìbàdí, ìlọ́po méjì ti àwọn tí a kò tẹ̀. Oṣù mẹ́rin tí òfin dá fún gbogbo ajá kò lè dúró níwájú irú ẹ̀rí yìí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ fò sí ìpinnu pé ìtẹ̀lọ́dàá burú fún gbogbo ajá ti ṣi ìwádìí náà kà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yìí yẹ ìran ajá 35 wò ní ọdún 2020, wọn kò rí irú ewu oríkèé bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ajá kéékèèké. Abo tí a yọ ilé ọmọ rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ àrùn tí í máa mú kí ilé ọmọ kún fún ọyún, tí ó sì lè pa á. Ológbò kò sí nínú àwọn ìwádìí náà rárá, bẹ́ẹ̀ òfin kan náà ni ó de òun àti ajá.

Gbólóhùn tí ó ń ṣi ni lọ́nà jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ‘alájá tí ó mọ ojúṣe rẹ̀’. Àwọn alátìlẹ́yìn ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò òfin. Aláìbìkítà ni òfin wà fún. Gbólóhùn yìí pín ènìyàn sí méjì gẹ́gẹ́ bí ìwà, ó sì gbàgbé àpò. Ẹni tí kò rí owó iṣẹ́ abẹ san, kò lè rí owó ìtanràn san. Ohun tí ó rọrùn fún un ni kí ó fa ajá náà lé ibùdó lọ́wọ́, ibi tí òfin ní òun fẹ́ gbà á lọ. ASPCA, ẹgbẹ́ aláàbò ẹranko tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1866, tí kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní ọ̀tá ìtẹ̀lọ́dàá, sọ pé òun kò rí ẹ̀rí tí ó ṣe é gbára lé pé irú òfin dandan yìí ń dín iye ẹran tí ń wọ ibùdó tàbí tí a ń pa kù. Owó wà lára ohun tí ó ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ jù. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko Amẹ́ríkà, AVMA, fi ìkìlọ̀ mìíràn kún un: ẹni tí ó ń sá fún òfin yìí lè máa sá fún ìwé àṣẹ ajá, fún dókítà, àti fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ó yẹ kí ìkìlọ̀ yẹn dẹ́rù ba aṣòfin ju ọmọ ajá lọ.

Los Angeles fúnra rẹ̀ ti mọ ọ̀nà mìíràn rí. Ní ọdún 1971, ìlú náà ṣí ilé ìwòsàn tí ó ń tẹ ajá àti ológbò ní owó pọ́ọ́kú, tí ìjọba ìlú ń ná owó lé lórí, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà yẹn ni iye ẹran tí a ń pa ní àwọn ibùdó orílẹ̀-èdè náà ti ń lọ sílẹ̀, púpọ̀ nínú ìdínkù náà sì ti ṣẹlẹ̀ kí òfin 2008 tó dé. Ọdún 1971, ìjọba ń pèsè. Ọdún 2008, ó ń pàṣẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò pé kí a dá ìwé àṣẹ tuntun fún bíbí ajá dúró, nítorí pé àwọn ibùdó ti kún àkúnya. Ní gbogbo ọdún 16 tí ó wà láàárín, ìlú tí ń fi ìtanràn halẹ̀ mọ́ alájá kan kò yé fún òmíràn ní ìwé àṣẹ kí ajá tirẹ̀ máa bímọ.