Ta Ní ń Wo Ẹ̀yìn Ọ̀dọ́langba? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Ìtàn-Àròsọ Deenie àti Ètò Ìtètèmọ Ọ̀pá-Ẹ̀yìn Wíwọ́

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Bí a bá ń pa òwe yìí, orí àṣìṣe ìwà ni ọkàn wa sábà máa ń lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ mú un gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu, pé kò sí ẹni tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìdí ni pé àrùn kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni í ti í fi ara hàn, tí kì í sábà dun ọmọ, tí ó sì máa ń yára jù lọ ní àkókò tí ọmọ ń ga sókè kíákíá. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní scoliosis. Ọ̀pá-ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó dúró gbọnrangandan bí a bá wò ó láti ẹ̀yìn yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì tún lọ́. Bí wíwọ́ náà bá tó digiri 10 nínú àwòrán ẹ́síréè, wọ́n gbà pé ó ti di scoliosis. Nǹkan bí ọmọ 2 sí 3 nínú 100 ni ó máa ń ṣe láàrin ọmọ ọdún 10 sí 16. Èyí tí ó wọ́ díẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàrin ọkùnrin àti obìnrin, ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́ gan-an wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ fíìfíì. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, a kò mọ ohun tí ó fà á.

Àwọn kan nínú ẹ̀ka wa lè bi wá léèrè pé kí ló kan lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ eegun. Èsì tiwa ni pé iṣẹ́ ìtètèmọ àrùn yìí, iṣẹ́ wíwò àti iṣẹ́ sísọ ni. Ta ní wò? Kí ló sọ? Ta ló sọ ọ́ fún? Ohun tí lámèyítọ́ máa ń bi olùsọ̀tàn náà nìyí.

2. Ojú àti ẹ̀yìn nínú Deenie

Ìwé tí a yàn ni Deenie, ìtàn-àròsọ tí Judy Blume ará Amẹ́ríkà kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ní 1973. Deenie Fenner, ọmọ ọdún 13, ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà. Ìlú Elizabeth ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni ibùdó ìtàn. Ìyá rẹ̀ ti pín àwọn ọmọ méjèèjì tí ó bí sọ́tọ̀: Deenie ni ó ni ẹwà, Helen ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ni ọpọlọ. Ẹwà ni Deenie yóò sì fi jẹun; yóò di ọmọge tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ láti fi polówó ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó kọ́kọ́ fura sí ẹ̀yìn ọmọ yìí. Kì í ṣe ìyá tí ó ń wò ó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ojú ọmọ ni ìyá ń wò. Àwọn tí ń wá ọmọge fún ìpolówó ọjà ni wọ́n sọ pé ìdúró àti ìrìn rẹ̀ kò gún; lẹ́yìn wọn ni olùkọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Èyí fi hàn pé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ wíwo gbogbo ara ni wọ́n rí ohun tí ìfẹ́ ìyá kò rí. Òǹkọ̀wé gbé èyí kalẹ̀ láìṣe àlàyé kankan, ó sì gún régé. Ibẹ̀ náà ni a ti rí ohun tí ìwé náà fi sílẹ̀ láìwò. Bí ó bá jẹ́ Helen ni ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ ńkọ́? Helen kò lọ sọ́dọ̀ apolówó-ọjà kankan. Ìwé ni ó ń kà. Nínú ayé ìtàn yìí, ẹwà ni ó gba Deenie là. Orí rere ni, kì í ṣe ètò. A kò rí i kí òǹkọ̀wé bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìbéèrè tí ó kan ìjọba àti ilé-ìwé.

Ohun tí ó ṣe dáadáa jù ni ìlò ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n ń pè ní Old Lady Murray, ìyá arúgbó abuké tí ń ta ìwé ìròyìn. Deenie kì í fẹ́ sún mọ́ ọn. Nígbà tí oníṣègùn wá sọ orúkọ àrùn tirẹ̀ fún un, arúgbó yìí ni ó rí níwájú. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fún un ní àdìmọ́ra Milwaukee, onírin, tí ó gùn láti ọrùn dé ìbàdí, pé kí ó máa wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rin. Ilé-ìwé náà fún un ní ìwé pé ó lè máa wọ bọ́ọ̀sì àwọn abirùn. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ó sì dun ọmọ náà ju irin ọrùn rẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tí ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀dọ́ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

3. Láti inú ìtàn sí inú ètò

Ọ̀nà wíwò náà kò le. Ní 1865 ni William Adams, oníṣẹ́-abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àlàyé rẹ̀ sínú ìwé. Ọmọ yóò pa ẹsẹ̀ pọ̀, kò ní tẹ orúnkún, yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú, yóò sì jẹ́ kí apá méjèèjì rọ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ yóò wò ó bóyá egungun ìhà kan yọ ga ju èkejì lọ. Ní Hong Kong, láti 1995 ni iléeṣẹ́ ìlera ọmọ ilé-ìwé ti ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Ìgbìmọ̀ tí ń gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn níbẹ̀ sọ ní 2004 pé kí wọ́n má ṣe é fún ọmọ tí kò ní àmì kankan. Ní 2018, wọ́n yí i padà pé ẹ̀rí tí ó wà kò tó láti fi dájọ́. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a óò dẹ́rù bà, tí a óò rán lọ ya ẹ́síréè, tí a kò sì ní rí nǹkan kan.

Ohun tí ó mú ìyípadà wá láàrin 2004 àti 2018 ni ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2013, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nínú àwọn tí wọ́n wọ àdìmọ́ra, ìdá 72 nínú 100 ni ẹ̀yìn wọn kò wọ́ dé digiri 50 kí wọ́n tó dàgbà tán. Nínú àwọn tí wọn kò wọ̀ ọ́, ìdá 48 ni. Wákàtí tí ọmọ fi wọ̀ ọ́ lójúmọ́ ni ó sì pinnu bí yóò ti ṣiṣẹ́ tó. A kò gbọdọ̀ gbójú fo ìdá 48 yẹn: ó túmọ̀ sí pé àwọn kan ń ru irin tí wọn ì bá má rù. Síbẹ̀, àdìmọ́ra kò wúlò mọ́ bí ọmọ bá ti dàgbà tán, iṣẹ́ abẹ ni ó kù fún èyí tí ó bá wọ́ jù. Ní tiwa, a gbà pé kí a wò, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò wò ti kọ́ bí a ti ń wò, kí ó sì ti kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan èdè Yorùbá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ ìwé ìkìlọ̀ nípa àrùn yìí ní èdè wa, abuké ni ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sáré wá sí i lẹ́nu. A lòdì sí i. Orúkọ ènìyàn ni abuké, kì í ṣe orúkọ àrùn. Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn rẹ̀ ti parí. Ìtàn ìwáṣẹ̀ wa pàápàá sọ pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni òrìṣà ni wọ́n. Ọlá ńlá ni èyí jẹ́ fún abuké láwùjọ, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a dá mọ́ ènìyàn bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 11, ta ni yóò gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn? Òwe mìíràn ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó wọ́ ṣe é tún ṣe, ó sì jẹ́ ojúṣe ẹni tí ó bá rí i. Ó ṣe wá ní kàyéfì pé gbogbo ọjà ni ó ń ṣọ́ orí ìkókó lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ìyá àgbà sì ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà ìwẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti lè dá wẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ní ilé-ìwé tí a lọ, èékánná àti irun ni wọ́n ń yẹ̀ wò lórí ìlà láràárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdúró tí Adams ń fẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọbìnrin tí ó mú ìgbálẹ̀ kúkúrú, tí ó bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, kò jìnnà sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan ni ó ń lò, tí aṣọ sì bò ó. Àwọn méjì sì kù tí wọ́n ṣì ń wo ẹ̀yìn ọ̀dọ́langba: aránṣọ tí ń wọn èjìká rẹ̀ fún aṣọ ilé-ìwé, tí ó sì ń rí i bí ẹ̀gbẹ́ kan ìdí aṣọ bá ga ju èkejì lọ, àti onídìrí tí ìpàkọ́ ọmọ wà níwájú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. A kò sọ pé kí a sọ wọ́n di oníṣègùn. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n nílò, tí kò ní orúkọ àrùn nínú, tí a óò sọ fún ìyá ní kọ̀rọ̀: “Ìyá Bùkọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èjìká ọmọ yìí bí ẹ bá délé. Ti ọ̀tún ga ju ti òsì lọ.”

A ka gbólóhùn yìí fún onídìrí kan ládùúgbò wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti rí irú èjìká bẹ́ẹ̀ rí lára ọmọ oníbàárà òun kan, òun rò pé ọwọ́ kan ni ó fi ń pọnmi ni. Ó wá bi wá pé ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí, ṣé ó ti pẹ́ jù láti sọ fún ìyá rẹ̀.