Ohun Tó Ń Bẹ Lẹ́yìn Eré Sísá

Ohun tó wù mí jù lára àwọn tó ń sáré ní kùtùkùtù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni ìṣe wọn lẹ́yìn eré. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í jókòó lójijì. Á máa rìn jẹ́jẹ́ títí èémí rẹ̀ yóò fi wálẹ̀, á na iṣan itan, á sì mu omi díẹ̀díẹ̀. Àkàrà gbígbóná àti ògì kò wọ́n nítòsí ọjà Boundary; ẹ̀wà inú àkàrà yẹn ń tún iṣan ṣe.

Nílé, wọ́n á fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ọgbọ́n gidi nìyẹn!

Láti 2016 tí eré ẹlẹ́mìí ẹṣin Èkó (Lagos City Marathon) ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń kọ́ eré sísá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn eré ni ara máa ń ro jù. Ẹ má fi agídí sáré lé e. Ẹ sùn dáadáa.