Ilé Orí Àtẹ́lẹwọ́

Fòníkú-fọ̀la-dìde ni Yorùbá ń pe àìsàn tí ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ pupa di títẹ̀ bí dòjé, tí ẹ̀jẹ̀ náà fi ń há sínú iṣan, tí egungun sì ń ro aláìsàn tọ̀sán-tòru. Mo fẹ́ràn orúkọ yìí ju èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò lọ. Kì í ṣe ìrísí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ, bí kò ṣe ìgbésí ayé ẹni tí ó ń gbé àìsàn náà kiri: ó wó lulẹ̀ lónìí, ó dìde lọ́la, kò sì mọ ohun tí ọ̀túnla yóò mú wá. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí dì mú nínú àwòrán?

Iṣẹ́ Donald Rodney ni mo fi ń dá ìbéèrè náà lóhùn. Ará Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1961, àìsàn yìí ni ó sì pa á ní oṣù kẹta ọdún 1998. Ní 1996 sí 1997, ó ṣe fọ́tò kan tí ó pè ní In the House of My Father. Ọwọ́ Rodney fúnra rẹ̀ ni a rí níbẹ̀, lórí ibùsùn ọsibítù ní Lọ́ńdọ̀nù. Àtẹ́lẹwọ́ là sílẹ̀. Ilé kékeré kan jókòó sí i. Awọ ara rẹ̀, tí wọ́n gé kúrò nígbà iṣẹ́ abẹ, ni ó fi kọ́ ilé náà, píìnì ni ó sì fi gán an pọ̀.

Òǹkàwé tí ó mọ Ìyìn Rere Jòhánù yóò ti gbọ́ ibi tí àkọlé náà ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ baba àti ìyá náà ni a ti ń jogún àìsàn yìí. Ilé baba rẹ̀ ni ara rẹ̀, ogún rẹ̀ sì ni ìrora.

Àwọn kan kò rí nǹkan mìíràn nínú fọ́tò yìí ju ohun àánú lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni ọsibítù ti ń ya àwòrán egungun irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, àwòrán tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ẹlòmíràn ń gbé sí iná láti kà. Ní 1987, nínú The House That Jack Built, Rodney ti kó irú àwòrán egungun bẹ́ẹ̀ jọ, ó fi wọ́n ṣe ògiri ilé. Ohun tí wọ́n fi ń wá àrùn ni ó gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àbíkú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àìsàn yìí ni ó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a sọ ní Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́. Wọn a fi àpá sí òkú ọmọ náà lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. Awọ ọmọ ni, àmì ẹlòmíràn ni. Rodney ni ó fi awọ tirẹ̀ sọ ohun tí òun fẹ́. Àwa ńkọ́? A kì í fẹ́ ya aláìsàn ní fọ́tò. Èyí tí a ń fi sínú ìwé ìròyìn nígbà tí ó bá kú, ti ọjọ́ tí ara le ni, tí fìlà dúró dáadáa.

Ìtùnú yìí kò ní ẹ̀tàn nínú. Ilé náà kò lè gba ènìyàn. Bí a bá pa àtẹ́lẹwọ́ dé, ó wó nìyẹn. Awọ tí a gé a máa gbẹ, a sì máa ká kò. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni pé ó sọ ohun tí kò ju páálí ìṣáná lọ di ohun tí ó fẹ̀ ju mítà kan lọ lára ògiri, tí ilà àtẹ́lẹwọ́ sì hàn gbangba bí ọ̀nà oko. Ẹlòmíràn ni ó bá a tẹ kámẹ́rà. Ọwọ́ tirẹ̀ ni ilé wà.