Àwòrán Ọ̀fẹ́, Ọjà Èèwọ̀

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ ilé bàbá mi ní Òjòkú. Ìyá bàbá mi ni ó jókòó sórí àga, ó wọ ìró àti bùbá aṣọ òkè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì kọjú sí wa gangan, bí àwọn àgbà ìgbà náà ti máa ń jókòó fún oní-fọ́tò. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀fà wà lẹ́yìn fọ́tò náà. Yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, orúkọ ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù kò ṣe é kà mọ́. Ẹbí wa ni ó san owó fọ́tò náà, ẹbí wa náà ni ó ra férémù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ẹni tí ó ni ín, a ó rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé wa kan bá fẹ́ fi fọ́tò yìí sí Wikipedia, kí ẹni tí ń bẹ ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè rí bí obìnrin Ìbọ̀lọ́ ti ń múra nígbà náà, ìbéèrè tí a kò bi ara wa rí yìí gan-an ni yóò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni ó yà á? Ǹjẹ́ ẹni tí ó yà á fọwọ́ sí i? Wọn kò ní béèrè ẹni tí ó jókòó sórí àga, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní béèrè ẹni tí ó sanwó. Ẹni tí ó di kámẹ́rà mú ni wọ́n ń wá.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa irú ohun tí Wikipedia jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń mu omi inú odò náà lójoojúmọ́ láìbéèrè orísun rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2001 ni Jimmy Wales àti Larry Sanger dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Ti èdè Yorùbá ń bẹ nínú rẹ̀, àwọn tí ń kọ ọ́ sì ń pè é ní ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́. Ní 2004 ni wọ́n kọ́ àká kan fún àwòrán, èyí tí wọ́n sọ ní Wikimedia Commons, kí gbogbo èdè lè máa bu àwòrán níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àká yìí ni a wà pẹ̀lú fọ́tò ìyá bàbá mi.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tètè dá wọn lẹ́bi o. Òfin ilẹ̀ wa náà kò sọ ohun tí ó yàtọ̀ púpọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1988 sọ ọ́ gbangba pé bí a bá gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀, àfi bí a bá kọ àdéhùn mìíràn sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ni ó bá oní-fọ́tò kọ ìwé àdéhùn? Òfin tuntun, èyí tí à ń pè ní ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní 2023, gba tiwa rò díẹ̀: ẹni tí ó bá ní kí a ya fọ́tò fún ìlò inú ilé lè lò ó níwọ̀n ìgbà tí kò bá fi ṣòwò, ó sì lè kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e síta fún aráyé. Síbẹ̀, oní-fọ́tò ṣì ni olóhun. Ọdún 50 ni òfin kà fún fọ́tò, láti òpin ọdún tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ènìyàn. Fọ́tò tí kò kúrò lára ògiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tirẹ̀?

Èmi kò sí lára àwọn tí ń wí pé oní-fọ́tò kò ṣe ju kí ó tẹ bọ́tìnnì lọ. Ní 1978, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí à ń pè ní African Arts, lórí bí Yorùbá ti ń fi fọ́tò wo ara wọn. Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, ni ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé ìjókòó àgbà tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, bí ó ti jẹ́ pé ipò àti ìwà ni ó ń fi hàn. Ó sì ṣàlàyé fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a ya èyí tí ó kù, oní-fọ́tò a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni ó jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, èyí tí ó wà láàyè a kọ́kọ́ wọ aṣọ tirẹ̀, a sì tún wọ aṣọ irú ti èkejì rẹ̀ tí ó ti lọ, kí wọ́n tó pa àwòrán méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ tí agbẹ́gilére ń ṣe fún ìyá ìbejì láyé àtijọ́ ni oní-fọ́tò ń ṣe yìí nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀. Ta ni yóò sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó ṣe? Ohun tí mo ń wí ni pé ìyá tí ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ sin, tí ó gbé èyí tí ó kù wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì sanwó, kò sí nínú ìwé àṣẹ náà rárá. Àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé náà mọ̀ ọ́n béèrè.

Ó tún kù. Ká tilẹ̀ sọ pé a rí ọmọ oní-fọ́tò ọjọ́sí náà ní Ọ̀fà, tí ó sì ní, "Ẹ máa lò ó, mo fi ta yín lọ́rẹ." Kò tó. Wikimedia Commons kì í gba àwòrán tí a yọ̀ǹda fún ẹ̀kọ́ nìkan, kì í sì í gba èyí tí a ní kí a má fi ṣòwò. Ẹni tí ó bá mú un wá gbọ́dọ̀ gbà pé ẹnikẹ́ni, níbikíbi, lè mú un, kí ó yí i padà bí ó ti wù ú, kí ó tẹ̀ ẹ́ sára àpò, kí ó sì tà á, bí ó bá ti lè dárúkọ ẹni tí ó yà á, tí ó sì pa àdéhùn inú ìwé àṣẹ mọ́. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i lónìí kò lè gbà á padà lọ́la. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a túmọ̀ sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì: ohun tí a kò sanwó fún, àti ohun tí ó wà ní òmìnira. Òmìnira ni àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ náà ní lọ́kàn. Ọ̀fẹ́ tiwa kò ru ẹrù kejì yìí. Bí ìyá ọlọ́sàn bá fún ọ ní ọsàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí o mu ún ni. Kò ní kí o gbé àtẹ kalẹ̀ sí ìsọ̀ kejì kí o máa tà á. Ìtumọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìwé ìmọ̀ náà ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé.

Síbẹ̀, n kò lè sọ pé òfin náà kò mọ́gbọ́n dání. Oníṣòwò ni atẹ̀wé tí ń tẹ ìwé kíkà ọmọ iléèwé. Oníṣòwò ni ẹni tí ń tẹ àlàmánáàkì tí àwòrán àwọn ọba kún inú rẹ̀. Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má fi àwòrán ṣòwò, àwọn wọ̀nyí ni a kọ́kọ́ tì mọ́ ìta. Ẹ sì wo ohun tí àwọn tí ń ṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ní 1938 ni a hú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1939, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwòrán rẹ̀ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà yà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ṣòwò láìgba àṣẹ, nítorí náà Wikimedia Commons kò lè gbà á. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ẹni tí ó rọ orí náà ti kú. Ta ni à ń dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ti New York ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn ní 2017, ó yọ̀ǹda àwòrán àwọn ohun ìní rẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ, láìsí àdéhùn kankan. Mo fara mọ́ ti Metropolitan. Àwòrán orí Ifẹ̀ tí a rí lórí Wikipedia, àwọn àlejò tí ó gbé kámẹ́rà lọ ni ó yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọjà ńkọ́? Ìwé ìmọ̀ yìí kan náà, tí ó ní kí a yọ̀ǹda àwòrán wa fún gbogbo oníṣòwò ayé, kò fẹ́ kí oníṣòwò kankan pàtẹ sí ojúde rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ìjápọ̀ sí ibi tí ó jẹ́ pé ọjà títà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojúlé tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lè wà lójú ewé tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìwé ìròyìn tí ìpolówó kún inú rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹ̀rí. Èyí kò burú. Bí a bá tẹ nọ́ńbà ISBN ìwé kan, yóò gbé wa lọ sí ibi tí orúkọ ọ̀pọ̀ ibi ìkàwé àti olùtàwé wà, kí a má bàa sọ pé ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Láti 2007 ni èyí tí ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń fi àmì sára àwọn ìjápọ̀ rẹ̀ tí ó lọ síta, pé kí Google àti irú rẹ̀ má ṣe kà wọ́n sí ìyìn.

Gbogbo èyí kò dí ọ̀nà mọ́ ẹlẹ́tàn. Ní 2015 ni wọ́n lé àkáǹtì 381 jáde, tí wọ́n ní ọwọ́ kan náà ni ó wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn náà a máa wá oníṣòwò kéékèèké tí a kò gba ojú ewé rẹ̀ wọlé, wọn a ní kí ó mú owó wá kí àwọn bá a gbé e wọlé. Bí ó bá ti san án tán, wọn a tún máa gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa pa á rẹ́. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ọmọ ìta ní ibùdókọ̀ wa yóò mọ irú owó bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a gbọ́ jùjú àti fújì dàgbà mọ̀ pé orúkọ ènìyàn nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́. Onílù ń kì wá, à ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, inú gbogbo wa sì ń dùn. Kò sí ẹni tí í bínú, nítorí a rí onílù, a rí owó, a sì mọ̀ pé ìyìn ni. Èyí ni ó fi jẹ́ pé mo gbè sẹ́yìn òfin ìjápọ̀ àti òfin 2014 tí ó ní kí ẹni tí a sanwó fún láti kọ ojú ewé jẹ́wọ́ rẹ̀. Inú ìwé ìmọ̀, a kò rí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ohùn tí kò ní olóhùn ni, ìyẹn ni a ṣe ń gbà á gbọ́. Mo ti ka ojú ewé àwọn ọlọ́lá wa kan níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ìwé ìpè sí ìnáwó ni ì bá dára fún.

Ibi tí ó ti ń dùn mí ni ibi tí òfin méjèèjì ti pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo. Ká ní aládìrẹ kan wà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tí àlejò ya fọ́tò aṣọ rẹ̀ tí ó sì fi sí àká náà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ń tẹ aṣọ ní ẹ̀rọ ní ìlú òkèèrè lè mú fọ́tò yẹn tà. Aládìrẹ kò gbọdọ̀ fi ìjápọ̀ ìsọ̀ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1988 àti ti 2022 sọ pé ẹni tí yóò bá fi iṣẹ́ àbáláyé wa ṣòwò níta àyè àṣà tí ó ti wá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ìwé tí àlejò fọwọ́ sí kò lè fúnni ní àṣẹ yìí, nítorí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ti egúngún. Ẹni tí ó ya egúngún lójúde lè yọ̀ǹda fọ́tò rẹ̀. Agboolé tí ó ni egúngún kò ní gbọ́. Láti 2014 ni ìdíje Wiki Loves Africa ti ń rọ àwọn ènìyàn wa láti kó fọ́tò wá, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí a kò bá ya ara wa, àlejò ni yóò máa yà wá. Ṣùgbọ́n n óò fẹ́ kí wọ́n fi ìlà kan kún ìwé wọn, níbi tí a ó ti kọ orúkọ aláró, tàbí ti agboolé, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ oní-fọ́tò.

Bí a bá ní kí èmi túmọ̀ ìwé àṣẹ náà fún ọmọ oní-fọ́tò kan ní Ọ̀fà, n kò ní lo ọ̀fẹ́ rárá. N óò wí fún un pé, "Fọ́tò tí bàbá yín yà, ẹ ń gbé e sí ìta gbangba títí láé. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ yóò mú un tà, kò sì ní fún yín ní kọ́bọ̀. Orúkọ bàbá yín ni yóò máa bá a rìn." Àwọn kan yóò fọwọ́ sí i nítorí orúkọ yẹn nìkan. Àwọn mìíràn yóò kọ̀, n kò sì ní bá wọn jà.

Ní ti ìyá bàbá mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yọ fọ́tò náà kúrò nínú férémù láti fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wo òǹtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo rí kà.