Orúkọ Tí A Fún Àpò

Ẹ dúró díẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà nígbà tí èrò Sẹ̀mẹ̀ bá ń wọkọ̀. "Ẹ ti Ghana Must Go yẹn sẹ́yìn jàre!" Kọ̀ńdọ́ á pariwo ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa yíjú wò ó. Àmọ́ ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: àṣẹ ni, kì í ṣe orúkọ àpò.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àṣẹ náà kò dá Gánà nìkan lé, síbẹ̀ àwọn ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó bá a lọ. Ọ̀nà tó gba Òkòkòmáíkò kọjá yìí ni ọ̀pọ̀ wọn tọ̀ dé ibodè. Ohun tí ìwé ìjọba ò sọ, àwa ará àdúgbò la sọ ọ́ mọ́ àpò lórí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é níbòmíràn. Ní 2012, Kánádà ka Húńgárì mọ́ ilẹ̀ tí kò séwu. Ẹni tó bá sá wá láti ibẹ̀, kíá ni wọ́n ń dá ẹjọ́ ẹ̀. Wọn ò kọ "Roma" síbì kankan, àmọ́ Roma ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sá wá láti Húńgárì. Ọdún 2019 ni wọ́n tó fòpin sí i.

Ẹni tó bá ra ìwé Taiye Selasi, Ghana Must Go (2013), nítorí ìtàn 1983 lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ìdílé kan ní Amẹ́ríkà ló dá lé. Èmi rò pé orúkọ náà bá a mu. Ẹ wo Kweku Sai, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gánà ní Boston. Aláìsàn kú, ẹbí olówó ní dandan kí wọ́n lé ẹnìkan, ilé ìwòsàn sì lé e, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi ẹ̀ kọ́. Àṣẹ kan náà nìyẹn, láìsí ibodè. Àléébù tí mo rí ni pé àwọn tó ru àpò gan-an ò rí ọ̀rọ̀ sọ tó níbẹ̀.

Àwa náà mọ̀ ọ́n lára. Ní 1969, Busia fún àwọn èèyàn wa láti Ẹjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Gánà bí wọn ò bá níwèé. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Ti 1969, ẹkún la fi ń sọ ọ́ nílé. Ti 1983, àpò la fi ń pè, a tún ń ná owó ẹ̀ lọ́jà.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ bí ọmọ kékeré bá bi yín pé kí ló fà á tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un.